Ọmọ Ńlá Tí À Ń Fi Yangàn: Bí Ṣúgà Inú Oyún Ṣe Mú Bùkọ́lá Mi Lọ

Olúbùkọ́lá Àdùkẹ́, àbíkẹ́yìn mi. Àdùkẹ́ ọmọ Rẹ̀mílẹ́kún, ọmọ-ọmọ Efúnyẹmí ará Òfin. Ọmọ olóbì tí ń fi ewé tútù bo obì kí ó má baà gbẹ. Ọmọ abí-ńlá-má-rojú, ọmọ ilé tí agbẹ̀bí ti ń na ọwọ́ méjèèjì kí ó tó gba ọmọ wọn. Ọmọ a-gbé-wò-kí-a-tó-sọ-ọ́-lórúkọ. Adúmáadán olóhùn jẹ́jẹ́, ìyàwó Káyọ̀dé, ìyá Tómiwá, tíṣà àwọn ọmọ kéékèèké ní Simawa. Àdùkẹ́ mi, sùn re.

Èmi Rẹ̀mílẹ́kún tí mo bí i ni mò ń kọ ìwé yìí. Ìwé kẹfà ni mo kà mọ, nítorí náà kí ẹ má wo bí mo ṣe ń tò ó. Obì ni mo fi gbogbo ayé mi ṣà, tí mo fi ń dì ní Òfin, ní Ṣàgámù níbí. Mò ń kọ ọ́ nítorí ẹ̀yin aboyún tí wọ́n sọ fún pé ṣúgà wà lára yín, àti nítorí ẹ̀yin ìyá wọn, tí ẹ jókòó tì wọ́n tí ẹ kò mọ ohun tí ẹ máa ṣe. Èmi náà jókòó bẹ́ẹ̀.

Ẹ ti rí i nínú oríkì ọmọ mi pé ọmọ ńlá la máa ń bí nílé wa. Kì í ṣe ẹnu lásán. Nígbà tí mo bí Wálé, àkọ́bí mi, nọ́ọ̀sì tó gbà á pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá wò ó. Mosúnmọ́lá ẹ̀gbọ́n mi, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Ìyá Délé, bí méje, kò sí èyí tí aṣọ ọmọ tuntun gbà nínú wọn. Ní ilé wa, lọ́jọ́ ìkómọ, kí wọ́n tó fi oyin kan ọmọ lẹ́nu, àgbà obìnrin ilé a gbé ọmọ náà fún àwọn àlejò lọ́kọ̀ọ̀kan. Olúkálukú a gbé e wò, a sì sọ iye oṣù tí ó rò pé ọmọ náà ti pé. Ẹni tó bá pe ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ ní ọmọ oṣù mẹ́ta, ẹ̀rín á sọ, wọ́n á kó obì fún un. Gbígbé-wò la ń pè é. Fọláṣadé ìyàwó àbúrò mi bí ọmọ tó kéré, wọ́n gbé e wò, ẹ̀gbọ́n mi sì bi í léèrè bóyá ẹyẹ ló bí. Ó rẹ́rìn-ín lójú gbogbo wa. Ó lọ sunkún ní yàrá.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò so pọ̀ mọ́ ọn ni ti Efúnyẹmí, ìyá wa. Lẹ́yìn tí wọ́n bímọ tán, òùngbẹ ni. Wọ́n á bu omi nínú àmù, wọ́n á tún bù. Wọ́n á tọ̀, wọ́n á tún tọ̀. Ẹsẹ̀ wọn wá gbọgbẹ́ láàárín ọmọ ìka, ọgbẹ́ náà kò san, ó gun ẹsẹ̀ lọ, òun ló sì pa wọ́n. Gbogbo ilé ló gbà pé wọ́n tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ lọ́nà oko. Ọ̀ṣúnlékè àbúrò wọn náà, ojú wọn ṣú díẹ̀díẹ̀ títí wọn kò fi ríran mọ́, a ní èéfín iná ni. Ẹnikẹ́ni kò pe ọ̀kankan nínú rẹ̀ ní ṣúgà. A kò gbọ́ orúkọ yẹn rí nígbà náà.

Bùkọ́lá bí Tómiwá pẹ̀lú ìnira. Ọmọbìnrin ni, ó tóbi, wọ́n sì rán ìyá rẹ̀ lójú ara. Ó pẹ́ kí ó tó tún lóyún, ọjọ́ orí rẹ̀ ti lé lọ́gbọ̀n ọdún dáadáa. Òùngbẹ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ike omi kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ní kíláàsì. Ó ń fi àwọn ọmọ sílẹ̀ sáré lọ tọ̀, tí Múíbátù tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń bi í pé, “Ìyá Tómiwá, ṣé kànga lo gbé mì ni?” Ojú ara ń yún un, ó ń tijú láti sọ. Ó ń rẹ̀ ẹ́. A ní oyún ni. Oyún sì ni lóòótọ́, ìyẹn ni kò jẹ́ kí a fura.

Ọjọ́ tó lọ gba kádì ní ọsibítù, wọ́n bi í bóyá ẹnikẹ́ni nínú ẹbí ní ṣúgà. Ó ní kò sí. Kò parọ́. Ohun tí ó mọ̀ nípa ìyá mi ni pé ẹsẹ̀ ló pa wọ́n. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí, wọ́n sì ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Ẹ mọ ohun tí a máa ń ṣe fún aboyún tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Mọ́ọ̀tì àti mílíìkì. Ọkọ rẹ̀ Káyọ̀dé, tó ń fi bọ́ọ̀sì kó òṣìṣẹ́ láti Simawa lọ sí Èkó, á dúró ní Intaṣéńjì, oríta ńlá ojú ọ̀nà márosẹ̀, nígbà tó bá ń bọ̀, á ra mọ́ọ̀tì páálí kan. Àwọn òbí ọmọ ilé ìwé gbé tiwọn wá. Mo se ìkọ́kọrẹ́ fún un, ìkòkò kíkún. Gàrí mímu tó fẹ́ràn, ṣúgà inú rẹ̀ a máa dún láàárín eyín. Ó ń tóbi, a ní ó ń dán. Inú gbogbo wa ń dùn sí i.

Nígbà tí oyún wọ oṣù keje ni mo bá a lọ sí ọsibítù, nítorí ó ní òòyì ń kọ́ òun. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa tí bẹ́ńṣì ti kún. Ẹni tó bá dìde lọ tọ̀, ẹlòmíràn á jókòó síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ Bùkọ́lá kò sì yé tọ̀. Èmi ni mo ń fi àpò di àyè mú fún un. Nọ́ọ̀sì tó wò ó ń jẹ́ Adérónkẹ́, ọmọ Ìpẹ̀rú. Ó fi tépù wọn ikùn rẹ̀, ó tún un wọ̀n. Ó bèèrè bóyá ìbejì ni. Bùkọ́lá ní fọ́tò inú sọ pé ọ̀kan ni. Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní kí ó má ṣe ìyọnu, bí a ṣe máa ń bí wọn nìyẹn, mo sì sọ ti Wálé fún un, mo sọ ti gbígbé-wò. Nọ́ọ̀sì kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé bírò kalẹ̀.

“Màmá, ìyá tó bí yín ńkọ́, kí ló ṣe wọ́n?”

“Ẹsẹ̀ ni.”

“Irú ẹsẹ̀ wo?”

Mo sọ fún un. Ó bèèrè bóyá wọ́n máa ń mu omi púpọ̀. Mo sọ ti àmù. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mo ń rí ike omi tó wà lórí itan Bùkọ́lá. Nọ́ọ̀sì ní kí ó padà wá lọ́la láìjẹun. Ó wá kọjú sí mi, ó ní kí èmi náà má jẹun.

“Èmi ò lóyún o,” mo ní. Gbogbo bẹ́ńṣì rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n fún àwọn aboyún ní omi dídùn kan mu, pé kí wọ́n jókòó kí wọ́n tó tún gba ẹ̀jẹ̀ wọn. Obìnrin Ìkẹ́nnẹ́ kan tó ń jẹ́ Tèmítáyọ̀ gbé ife sókè, ó ní, “Nọ́ọ̀sì, búrẹ́dì wa dà?” A rẹ́rìn-ín títí. Ẹ̀rín tí mo rín kẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Wọ́n gún Bùkọ́lá níka, wọ́n gún mi níka. Ṣúgà wà lára àwa méjèèjì. Tèmi tilẹ̀ ga ju tirẹ̀ lọ.

Dókítà tó bá wa sọ̀rọ̀ kì í ṣe àgbà, ṣùgbọ́n ó ní sùúrù. Ó ní nǹkan yìí ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn, láti ara ìyá dé ara ọmọ, láti ara bàbá náà pẹ̀lú. Ó ní kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá jogún rẹ̀ ló máa ń yọ sí lára, pé oyún sì wà lára ohun tó máa ń fà á jáde, pàápàá tí ọjọ́ orí bá ti lọ. Ó ní bí ṣúgà bá pọ̀ lára ìyá, ọmọ inú ń jẹ nínú rẹ̀, á máa sanra, èjìká rẹ̀ á gbòòrò. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ńlá ni tirẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ o, ó sọ ọ́ léraléra. Ó wá wò mí, ó ní, “Ṣùgbọ́n pẹ̀lú ohun tí ẹ sọ fún wa yìí, Màmá, ó jọ pé ṣúgà ló ń bọ́ àwọn ọmọ ilé yín.”

Mo jókòó. Mo rò ó. Efúnyẹmí ìyá mi, Ọ̀ṣúnlékè, èmi, Bùkọ́lá. Bí ènìyàn bá fún ọmọ rẹ̀ ní ilẹ̀ tàbí ilé, ó lè gbà á padà bí ó bá bàjẹ́. Èyí tí mo fún un yìí, kò sí bí mo ṣe lè gbà á padà.

Wọ́n ní kí ó fi mọ́ọ̀tì sílẹ̀, kí ó dín ẹ̀bà kù, kí ó máa jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà, kí ó máa rìn. Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ tí yóò máa gún sí ikùn fúnra rẹ̀. Abẹ́rẹ́ náà ń fẹ́ ibi tútù, iná kò sì sí ní Simawa bí ẹni máa wí, nítorí náà inú àmù tí iyanrìn tútù yí ká la ń tọ́jú rẹ̀ sí. Owó ń lọ. Obì tí mo kó jọ de ìgbà tí yóò wọ́n, mo tà á ní ọ̀pọ̀. Ẹ̀rù ń bà á tó bá fẹ́ gún un, á dijú, á pe Jésù, á gún un. Ṣúgà náà ń wálẹ̀. Ojú ara tó ń yún un dáwọ́ dúró. Mo sọ fún ara mi pé a ti bọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi Ìyá Délé wá kí wa ní Simawa, wọ́n sì bá a níbi tó ti ń gún abẹ́rẹ́. Wọ́n ní, “Abẹ́rẹ́ ní ikùn aboyún?” Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ náà. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e wọ́n gbé omi ewúro àti àgbo wá, wọ́n ní kí ó máa fi pa ṣúgà. Káyọ̀dé ní kí ó máa mu ún pẹ̀lú abẹ́rẹ́. Aládùúgbò kan ní kí ó fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ kí ó gbààwẹ̀. Olúkálukú ló ní ẹnìkan tó mọ̀ tí ó ti san fún. Ọjọ́ tó bá mu àgbo, kì í gún abẹ́rẹ́, nítorí ó ní kí méjèèjì má bá ara wọn jà. Bẹ́ẹ̀ ni ṣúgà tún gòkè, tí mo ń wò ó.

Dókítà wá sọ pé ọmọ ti tóbi jù, pé àwọn yóò ṣe iṣẹ́ abẹ fún un kí ìrọbí tó mú un. Wọ́n dá ọjọ́. Ẹ̀gbọ́n mi pe ẹbí jọ sí Òfin, nínú pálọ̀ wọn. Kí n sọ òtítọ́, wọ́n fẹ́ràn Bùkọ́lá. Àwọn ni wọ́n pọ̀n ọ́n dàgbà nígbà tí mo ń lọ ra obì lábà. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ gbogbo wa pé ta ni wọ́n la inú rẹ̀ rí nínú ilé yìí. Kò sí. Wọ́n ní àwọn bí Délé tó ju ọmọ oṣù mẹ́ta lọ nígbà gbígbé-wò, lórí ẹní, láìsí ọ̀bẹ. Wọ́n ní Comfort, Ìyá Abíyè ní ilé àdúrà kan nítòsí Simawa, mọ ọwọ́ ọmọ ńlá, òun ló gba ọmọ Délé.

Mo dìde. Mo ní nǹkan tó jẹ́ kí ọmọ wa máa tóbi náà ni dókítà ń wí, àrùn ni, òun ló pa ìyá wa. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ẹsẹ̀.

“Rẹ̀mí, jókòó,” ẹ̀gbọ́n mi ní. “Èmi ni mo wẹ òkú Yèyé. Ṣé ìwọ lo fẹ́ sọ ohun tó pa wọ́n fún mi? Ìwọ wá sọ pé àrùn ni gbogbo wa fi ń bímọ.”

Èmi tí mo ti di ìyá àgbà, mo jókòó. Àwọn ni àgbà ilé lẹ́yìn Yèyé ìyá wa, ọ̀rọ̀ wọn ni a ń gbọ́. Mo wo Káyọ̀dé, Káyọ̀dé ń wo ilẹ̀. Mo wo ọmọ mi.

Ó ní, “Màámi, ọ̀bẹ ń bà mí lẹ́rù. Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú ẹ̀ bí ẹ̀yin náà ṣe ṣe é.”

Gbogbo ìgbà tó fi wà lọ́mọdé ni mo fi ń sọ bí mo ṣe ṣe é fún un.

Mo lọ bá Adérónkẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó pè é lórí fóònù níṣojú mi, ó bẹ̀ ẹ́ bí àbúrò. Bùkọ́lá ní òun ń bọ̀. Ìrọbí mú un ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá, ní àárọ̀ kùtù, ẹ̀gbọ́n mi wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Kí n tó dé láti Ṣàgámù wọ́n ti gbé e lọ sọ́dọ̀ Comfort, mo sáré bá wọn níbẹ̀.

Orí ọmọ jáde, mo rí i. Ìyókù kò tẹ̀ lé e. Orí ọmọ wà níta, èjìká há. Comfort ń làágùn, ó ń pè é kí ó tì, ó ń fa ọmọ. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ níbi orí rẹ̀, wọ́n ń kì í, ọmọ abí-ńlá-má-rojú. Èmi di ẹsẹ̀ rẹ̀ kan mú, ohun tí wọ́n ní kí n ṣe nìyẹn. Nígbà tí ọmọ náà wá bọ́ síta, obìnrin ni, apá ọ̀tún rẹ̀ rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀, ó pẹ́ kí ó tó ké. Kí a tó yọ̀ pé ó ké, ẹ̀jẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ìró tí a fi sí i rin gbindin, a gbé òmíràn, òun náà rin. Comfort fúnra rẹ̀ ló ní ẹ gbé e, ẹ máa lọ sí ọsibítù.

Bọ́ọ̀sì Káyọ̀dé la gbé e sí. Orí rẹ̀ wà lórí itan mi. Àwọn ọkọ̀ ńlá dí ojú ọ̀nà ní Intaṣéńjì, Káyọ̀dé ń fi fèrè bẹ̀ wọ́n. Ara rẹ̀ ti tutù. Ó la ojú, ó ní, “Màámi, ṣé ó tóbi?”

Mo ní ó tóbi.

Ó ní, “Ẹ jẹ́ kí Ìyá Délé gbé e wò.” Kò sọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Adérónkẹ́ ló bá wa ní ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ṣe gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ lára Káyọ̀dé, wọ́n wá èyí tó kù káàkiri. Kí oòrùn tó dé àtàrí, dókítà tó ní sùúrù yẹn jáde sí mi, ó sì mú mi lọ́wọ́.

Ó ti ń lọ sí ọdún kan báyìí. Èmi wà láàyè. Mò ń lo oògùn ṣúgà láàárọ̀ àti lálẹ́, mò ń wẹ ẹsẹ̀ mi, mò ń yẹ àárín ọmọ ìka wò bí ẹni ń wá owó tó sọnù, mo ti fi gàrí mímu sílẹ̀. Ojú mi ṣì ń ríran díẹ̀. Ọmọ tí Bùkọ́lá bí wà lọ́dọ̀ mi pẹ̀lú Tómiwá, apá rẹ̀ ti ń gbéra díẹ̀díẹ̀, nọ́ọ̀sì ní kí n máa nà án fún un. Dókítà ní kí a máa ṣọ́ àwọn méjèèjì bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Mo ti sọ fún àwọn ọmọbìnrin Wálé, ìyàwó rẹ̀ bínú sí mi pé mò ń fi àrùn lé àwọn ọmọ òun lọ́wọ́. Èmi kọ́ ni mo fi lé wọn lọ́wọ́, tàbí kí n sọ pé èmi ni, mi ò mọ̀ mọ́.

Ẹ̀yin aboyún, tí wọ́n bá bi yín léèrè bóyá ṣúgà wà nínú ẹbí, ẹ má tíì dáhùn. Ẹ lọ bi ìyá yín, ẹ bi ìyá bàbá yín. Kí ẹ má fi orúkọ àrùn bèèrè. Ẹ bèèrè ta ni ọgbẹ́ rẹ̀ kò san, ta ni ojú rẹ̀ ṣú, ta ni omi kì í tó mu, ta ló bí ọmọ tí gbogbo ìlú wá wò. Kí ẹ sì lọ sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì ní ọjọ́ kìíní, kí wọ́n tètè yẹ̀ yín wò. Bí wọ́n bá fún yín ní abẹ́rẹ́, ẹ gún un. Bí wọ́n bá ní iṣẹ́ abẹ ni, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Mi ò mọ̀ bóyá yóò gba gbogbo yín là. Mo mọ̀ pé Tèmítáyọ̀, obìnrin Ìkẹ́nnẹ́ tó bèèrè búrẹ́dì, ṣúgà wà lára òun náà, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, mo sì rí òun àti ọmọ rẹ̀ lọ́jà.

Ó ku kí n sọ ti ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀. Ní ilẹ̀ wa wọn kì í jẹ́ kí ìyá tẹ̀ lé òkú ọmọ rẹ̀, wọn kì í sì í fi ibi tí wọ́n sin ín sí hàn án. Fọláṣadé ni wọ́n ní kó jókòó tì mí nínú yàrá ní Òfin. Ẹ̀gbọ́n mi wà lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọn ò jẹun. Wọ́n gbé ọmọ tuntun wọlé fún wa, ó ń sunkún oúnjẹ. Ẹ̀gbọ́n mi kò na ọwọ́ sí i. Fọláṣadé ló gbà á. Ọjọ́ Ẹtì ni, lẹ́yìn tí oòrùn ti yí. Káyọ̀dé àti Wálé àti àwọn ọ̀dọ́ ilé wa gbé Olúbùkọ́lá lọ sí Simawa, wọ́n sì sin ín níbẹ̀.